Òrùlé Tí Kò Ní Àlàfo

“Gbé òmíràn wá.”

Rúlà mú pákó pẹlẹbẹ kan nínú agbọ̀n, ó nà án sókè sí bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó dúró lórí àkàbà gbà á, ó fi ti èyí tó ti kàn tẹ́lẹ̀, ó gbá ìṣó wọ̀ ọ́, ó sì tún na ọwọ́.

“Gbé òmíràn wá.”

Láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu bàbá náà kò ju èyí lọ. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Káfíńtà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí aláwàdà, tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí ẹ̀rín lásán, kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀. Rúlà náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ilé wọn wá dákẹ́ rọ́rọ́ débi pé bí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn méjèèjì á jọ yíjú sí i bí ẹni pé àlejò ló wọlé láìkanlẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Rúlà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yìí nítorí pé ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń dúró ṣánṣán bí rúlà tí wọ́n fi ń fa ìlà. Orúkọ náà wá mọ́ ọn lára débi pé àwọn olùkọ́ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún yìí ni yóò ṣe ìdánwò àṣejáde. Kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin màmá rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń yìn ín pé ó láyà, pé ó gbójú. Kò gbójú o. Kò kàn sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá sì gbé e kúrò, kò ní béèrè. Gbogbo inú rẹ̀ ti kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Agbẹ̀bí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni ìyá náà fi fẹ̀yìn tì. Ó ní òun ti jókòó sínú yàrá tó ń rùn fún oògùn tó, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni òun fẹ́ máa jókòó sí báyìí. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí káfíńtà kọ́ àgọ́ ìgbatẹ́gùn fún òun: òpó mẹ́fà, kò sí ògiri, àga gbọọrọ yí inú rẹ̀ po. Òrùlé rẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀. Kì í ṣe òrùlé páànù. Láti ṣóńṣó òkè ni yóò ti tẹ̀ wálẹ̀ yíká bí agboòrùn tí a ṣí, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n gé kéékèèké ni wọn yóò sì fi bò ó, ìlà lórí ìlà, bí ìpẹ́ ẹja.

Pákó tó nà tọ́ọ́rọ́ kò ṣeé kàn mọ́ igi tó tẹ̀. Ẹni tó bá fi tipátipá ṣe é yóò gbọ́ kà! Nítorí náà, bàbá àti ọmọ ti kọ́kọ́ rẹ àwọn pákó náà sínú omi gbígbóná, wọ́n fi okùn dì wọ́n mọ́ igi tó tẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù títí tí wọ́n fi gbẹ háúháú tí wọ́n sì tẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ìyá Agbẹ̀bí jáde wá láti ilé ìdáná, ó gbé omi tútù dání.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ọmọ tí mo fi ọwọ́ yìí gbà láyé, wọ́n pariwo ju ẹ̀yin méjèèjì lọ. Àbí gọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń lẹ pákó ló ta sí yín lẹ́nu ni?”

Bàbá Rúlà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá mi. Iṣẹ́ ni.”

“Ó dáa. Àwọn nọ́ọ̀sì tí mo sọ fún ọ, àwọn tó fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn, mo ti ní kí wọ́n wá jókòó sábẹ́ òrùlé yìí tó bá parí, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Bó bá wù wọ́n, gbogbo ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àga ilé ìwòsàn yẹn, ìwọ ni wàá ṣe é. Má dójú tì mí o.”

“Ẹ ṣé gan-an, ìyá mi.”

Rúlà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ju bí Ìyá Agbẹ̀bí ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Láti ìgbà tí màmá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn kan tí kò ṣeé tì, ó sì ti ṣe tábìlì kan tó ń mì jìgìjìgì bí ẹni tó ní ibà. Àwọn oníbàárà ń yà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyẹn ló mú kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí Rúlà ń pè ní Àǹtí Àgbà, wá láti ìlú mìíràn. Ó jókòó sí pálọ̀ láìbọ́ gèlè, ó ní:

“Àbúrò mi, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé yìí náà bá tún bàjẹ́, wàá ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa, wàá lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn, màá sì mú ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ mi. Ọmọbìnrin ò lè máa gbé nínú ilé tí wọn ò ti ń sọ̀rọ̀, tí wọn ò ti ń dáná. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Àǹtí,” ni bàbá rẹ̀ wí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbésí ayé Rúlà, ó sì ń wo ilẹ̀ pálọ̀.

“Gbé òmíràn wá.”

Lábẹ́ àkàbà, Rúlà nawọ́ sínú agbọ̀n. Bó ṣe gbé orí sókè báyìí ló rí i. Ìlà kìíní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí òrùlé ká tán, àwọn pákó náà sì fara mọ́ra wọn pinpin. Kò sí àlàfo kankan láàárín wọn.

Irú òrùlé yìí, àwọn méjì ló máa ń kàn án ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Bàbá rẹ̀ á wà lórí àkàbà kan, màmá rẹ̀ á wà lórí èkejì, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ tí àwọn káfíńtà fi ń fa ìlà. Bí bàbá rẹ̀ bá ti fẹ́ fi pákó kan ti èkejì, màmá rẹ̀ á ti pẹ́ńsùlù náà bọ àárín wọn kí àlàfo díẹ̀ lè wà níbẹ̀, á ní, “Ó yá, gbá a,” lẹ́yìn náà á fà á yọ. Pákó gbígbẹ máa ń wú bí òjò bá pa á. Bí kò bá rí àyè wú sí, á ti èkejì rẹ̀, èkejì á ti ẹ̀kẹta, gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gọ̀ńgọ̀. Omi kò ní gba inú àlàfo náà wọlé, nítorí pé ìlà tòkè ló máa ń bo tìsàlẹ̀. Bàbá rẹ̀ mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àlàfo rí. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń ṣe é. Ọwọ́ tó ń gbá ìṣó ń gbá ìṣó lọ, kò mọ̀ pé ọwọ́ kejì kò sí níbẹ̀ mọ́.

Rúlà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀: Bàbá, àlàfo dà? Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè àlàfo, wọ́n á ní láti dárúkọ ẹni tó ń ṣe é, orúkọ náà kò sì tíì jáde nínú ilé wọn láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn bàbá rẹ̀. Ó ti rù, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Ó wo ìlà kìíní. Yóò ṣeé tú ní wéré bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ báyìí.

“Rúlà. Òmíràn.”

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì gbé pákó náà fún un. Kí ló kàn mí níbẹ̀, ló sọ nínú ara rẹ̀. Ohun tó sì burú ni pé òótọ́ ni: lójú tirẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ohun tó kàn án.

Wọ́n ṣe ìlà kejì, wọ́n ṣe ẹ̀kẹta. Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé ni Rúlà ń lọ síbẹ̀, tó ń nawọ́ sínú agbọ̀n, tó sì ń dákẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ parí, òrùlé náà lẹ́wà, ẹ ò rírú ẹ̀ rí. Ó yọ sókè láàárín, ó tẹ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, àwọn pákó náà ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa wọ́n. Ìyá Agbẹ̀bí pàtẹ́wọ́, ó yí i ká, ó tún yí i ká.

“Wo bó ṣe gún! Káfíńtà, abẹ́rẹ́ gan-an ò lè ráyè wọlé síbẹ̀!”

“A dúpẹ́, ìyá mi,” ni bàbá rẹ̀ wí. Rúlà ń kó ìṣó tó ṣẹ́kù sínú agolo.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Rúlà wà nínú ìdánwò ìṣirò. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí páànù gbọ̀ngàn ìdánwò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó wá le débi pé olùkọ́ tó ń ṣọ́ wọn ní láti máa pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ yòókù ń wo fèrèsé. Rúlà ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó wá tún ń kọ ọ́ lọ.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá Agbẹ̀bí kọjá bó ṣe ń lọ sílé. Láti ara ọgbà, ó rí òrùlé náà. Omi ń kán lára rẹ̀. Níbi tó ti tẹ̀ jù lọ, pákó kan ti gbé etí sókè. Ẹyọ kan péré. Ìyá Agbẹ̀bí kò tíì rí i, torí pé òjò kò jẹ́ kó jáde. Ọ̀nà ṣì wà. Bí bàbá rẹ̀ bá gbọ́ lálẹ́ yìí, á tètè lọ tú u, á sì bẹ ìyá náà kó sún ìbẹ̀wò àwọn nọ́ọ̀sì, tó bọ́ sí Sátidé, síwájú.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ ń lọ aṣọ. Ó ti pẹ́ tó ti mú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kẹ́yìn.

“Mo ní kí n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yìí ní Sátidé,” ló wí. “Kí àwọn nọ́ọ̀sì yẹn má baà rò pé inú èérún igi ni mo ń sùn.”

Àwàdà ni. Kò dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n àwàdà ni, àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Rúlà dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò ìwé rẹ̀ ṣì wà léjìká. Ó rò ó pé bí òun bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rín kékeré yẹn á kú. Ó rò ó pé bóyá pákó kan yẹn náà ni. Ó rò ó pé ó rẹ òun.

“Ó máa yẹ yín, Bàbá,” ló wí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Òjò kò dá títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Ní Sátidé, Ìyá Agbẹ̀bí ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kò bá wọn ṣàwàdà. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì ti jókòó, kì í ṣe sábẹ́ òrùlé náà o, lórí àga tí wọ́n gbé jáde láti pálọ̀ ni, wọ́n sì ń wo òkè. Òrùlé náà ti wú. Àwọn pákó ti ti ara wọn dìde lọ́tùn-ún lósì, omíràn ti là sí méjì, ìṣó ti fà tu níbi púpọ̀. Ó rí bí adìyẹ tí otútù mú tó gbọn ìyẹ́ sókè. Omi ti kún orí àga gbọọrọ inú rẹ̀.

Bàbá Rúlà gbé àkàbà tó wà lára ògiri, ó gùn ún pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ara pákó. Ó gbìyànjú láti ki ìka bọ àárín méjì tó ṣì dúró níbi tí wọ́n wà, kò rí àyè. Ó tún gbìyànjú níbòmíràn.

“Kò sí àlàfo,” ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Èmi. Báwo ni èmi ṣe máa kan pákó láìfi àlàfo sí i?”

“Mo rí i,” ni Rúlà wí.

Bàbá rẹ̀ bojú wolẹ̀. “O rí kí ni?”

“Pé kò sí àlàfo. Láti ìlà kìíní ni mo ti rí i. Mo sì rí èyí tó kọ́kọ́ gbé etí sókè, lọ́jọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀.”

“Lọ́jọ́ tí mò ń lọ aṣọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O rí i, o sì ń gbé pákó fún mi?” Ohùn rẹ̀ ròkè. Ó ti pẹ́ tí ohùn rẹ̀ ti ròkè bẹ́ẹ̀. “Rúlà! O ò lẹ́nu ni? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Rúlà gbé ojú sókè wo bàbá rẹ̀.

“Torí pé Màmá ló máa ń ṣe é,” ló wí. “Bí mo bá sọ ọ́, a máa ní láti sọ pé Màmá ò sí ńbẹ̀ mọ́.”

Bàbá rẹ̀ dúró lórí àkàbà náà. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkàbà tó kẹ́yìn, lójú àlejò, lójú oníbàárà, ó bo ojú, ó sì sunkún. Àwọn nọ́ọ̀sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ti Rúlà. Ohun àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ nìyẹn, ìtìjú, ó gbóná, ó sì ń ta á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mọ́ ọn pé ohun kan lè ta òun.

Ìyá Agbẹ̀bí kì í ṣe òǹrorò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé bákan náà. Ó fún bàbá Rúlà lómi mu, ó ní kó tú òrùlé náà, kó tún un kàn láìgba kọ́bọ̀. Ní ti ilé ìwòsàn, èyí tó dàgbà nínú àwọn nọ́ọ̀sì náà ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. A bá yín kẹ́dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ibi tí aláìsàn á ti máa sùn ni à ń kọ́. A máa fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.”

Ó ní “ẹ pẹ̀lẹ́” dáadáa, ó sì lọ.

Tọmọ tòbí tún òrùlé náà kàn. Lọ́tẹ̀ yìí Rúlà wà lórí àkàbà kejì, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ náà. Púpọ̀ nínú àwọn pákó náà fọ́ bí wọ́n ṣe ń tú wọn, wọ́n ní láti gé tuntun, kí wọ́n tún rẹ wọ́n, kí wọ́n tún tẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ kan láàárín iṣẹ́ náà, bàbá rẹ̀ ní, “Ó máa ń bú mi bí mo bá yára jù.” Rúlà ní, “Ó máa ń bú èmi náà.” Wọ́n dárúkọ màmá Rúlà lẹ́yìn ìyẹn. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan fi òrùlé tuntun náà ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bàbá rẹ̀ ti rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n á ti máa pè é ní “ìwọ yẹn”. Àǹtí Àgbà kò sì gba ẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Rúlà ń lọ, Àǹtí Àgbà ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó ti sítáàtì ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó fi ọwọ́ sínú àpò. “Ó dìgbà kan ná,” ló wí. “Ó dìgbà kan ná, sà,” ni Rúlà wí. Ọkọ̀ ṣí. Láti inú gíláàsì ẹ̀yìn, ó rí bàbá rẹ̀ bó ṣe dúró síbẹ̀, bó ṣe kéré, bí kò ṣe wọlé.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.”

“Kí lo gbàgbé?”

Rúlà sọ̀ kalẹ̀, ó sáré padà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní máa jẹun. Mo ti rí i pé ẹ kì í jẹun bí mi ò bá gbé e síwájú yín. Mo rí i, ni mo ṣe ń sọ ọ́.”

Bàbá rẹ̀ wò ó.

“Òótọ́ ni,” ló wí. “Mi ò kì í jẹun. Ẹ̀rù ilé yìí ń ba èmi náà.”

Ìgbà yẹn ni ẹkún Rúlà tó dé. Ó sun ún gan-an, ẹkún gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, sára ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀, títí tí Àǹtí Àgbà fi pa ọkọ̀, tó sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń wá ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí nínú ilé ìdáná wọn. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jọ dáná, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jẹun, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé bàbá rẹ̀ á máa wá sọ́dọ̀ wọn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Rúlà lọ.

Ohun tí Rúlà kọ́ kò le láti sọ. Ìbànújẹ́ lè pa inú èèyàn débi tí nǹkan kan kò ní kàn án mọ́, ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé nǹkan ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí o fẹ́ràn, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o rí i, bí ohùn rẹ bá tilẹ̀ ń gbọ̀n, bí ọ̀rọ̀ náà bá tilẹ̀ máa mú kí ẹ jọ sunkún. Rúlà dákẹ́ kó má baà dun bàbá rẹ̀, ìdákẹ́ náà ló sì gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ wọn lọ́wọ́, tó sì pín ilé wọn sí méjì. Lẹ́nu géètì, ó sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ sì jẹun.